Mo Kí Ọ̀ta, Mo Kí Òpè: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Lee Sedol

Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Lee Sedol,

Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè o! Bí a ṣe ń kí àwọn tó jókòó ti ọpọ́n ayò nílẹ̀ wa nìyẹn. Àwọn tó wà nídìí ọpọ́n a sì dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta ni ẹni tó mọ ayò ta dójú àmì. Òpè ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tàbí ẹni tó ti ń ta á láti ogún ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́n. Ọ̀ta ni yín. Òpè ni mí. Ṣùgbọ́n n ó fọhùn lónìí, kí àgbà má bínú.

Mo mọ̀ pé ẹ ò gbọ́ èdè mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀rọ túmọ̀ lẹ́tà yìí fún yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rọ náà ka "ọ̀ta" sí "ọ̀tá", kó ní ṣe ni mo ń kí ọ̀tá mi kú ìjókòó. Ẹ má bínú sí i, àmì kan ṣoṣo ló fò ó. Lẹ́tà ṣíṣí ni ṣáá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú àwọn ará mi, òun náà ni mo kọ ọ́ sí.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016 tí ẹ̀yin àti AlphaGo, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan, jókòó ta eré ní Seoul, èmi ò mọ̀ pé nǹkan kan wà láyé tó ń jẹ́ baduk, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Go. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà fi fídíò rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. "Bàbá kékeré, ẹ wá wo ayò àwọn ará Korea." Mo wò ó, kò yé mi. Ìlà mọ́kàndínlógún ní òró, mọ́kàndínlógún ní ìbú, oríta 361. Ọmọ dúdú, ọmọ funfun. Kò sí ihò, kò sí odù. Ohun tó yé mi ni ojú yín. Ojú ẹni tó ń ta ayò ti mọ́ mi lára láti kékeré.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ní ẹ ó jẹ ẹ́ 5-0 tàbí 4-1. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ọ̀ta tí kò bá lẹ́nu, ta ni yóò mọ̀ pé ó dé? Ẹ̀rọ jẹ àkọ́kọ́. Nínú eré kejì, ẹ jáde lọ mu sìgá. Kí ẹ tó wọlé, Aja Huang, ẹni tó ń bá ẹ̀rọ gbé ọmọ sílẹ̀, fi ọmọ dúdú kan sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọkàn sí: ìta 37, ìyẹn ìgbà kẹtàdínlógójì tí wọ́n gbé ọmọ sílẹ̀, lórí ìlà karùn-ún sí etí pátákó. Àwọn ọ̀gá tó ń ṣàlàyé eré náà kọ́kọ́ rò pé ó ṣi ọwọ́ ta ni. Ẹ wọlé, ẹ wò ó, ẹ tún un wò. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dáhùn. Nígbà tó ṣe, ọmọ kan ṣoṣo yẹn ló wá so ọwọ́ òsì pátákó mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ẹ sì jọ̀wọ́ eré náà. Àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ yìí yẹ inú rẹ̀ wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé òun fúnra rẹ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé nínú ìgbà 10,000, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọmọ èèyàn á ta síbẹ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ta síbẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ká àwọn èèyàn lára ju ti chess lọ ni pé wọ́n ti fi baduk pamọ́ síbì kan. Ní 1997 tí ẹ̀rọ Deep Blue na Kasparov, ọ̀gá chess, àlàyé wà nílẹ̀: igba mílíọ̀nù ọ̀nà ló ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣirò ni, ẹ jẹ́ kó máa ṣírò rẹ̀ lọ. Wọ́n ní baduk kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá bi ọ̀gá baduk pé kí ló dé tó fi ta síbí, á ní ó kàn rí bẹ́ẹ̀ lójú òun ni. Níbẹ̀ ni gbogbo ayé fi ojú inú pamọ́ sí, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ìta 37 ni wọ́n fi mọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé ó ti dé bá wa ṣáájú yín. Ayò tiwa, ihò méjìlá ni, mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú yín, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ méjìdínláàádọ́ta. Èèyàn á kó ọmọ inú ihò kan, á máa gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yípo. Bí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ihò ẹni kejì tó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ọmọ ìyá ayò wà, orúkọ wọn àti òfin wọn fi díẹ̀díẹ̀ yàtọ̀. Oware ni wọ́n ń pe tiwọn ní Ghana. Ní ọdún 2002, ọkùnrin méjì ní Vrije Universiteit tó wà ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, mú èyí tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní Awari nínú wọn, wọ́n sì ta á tán. Kì í ṣe pé wọ́n jẹ ẹnì kan o. Wọ́n ta á tán. Ọpọlọ 144 ni ẹ̀rọ wọn ní tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wákàtí 51 ló sì gbà á. Ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀: ó mú bí ọpọ́n ṣe ń rí nígbà tí eré bá ti parí, ó ń padà bọ̀ wá síbẹ̀rẹ̀, títí ó fi mọ ìdáhùn sí gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò nínú ihò. Iye rẹ̀ jẹ́ 889,063,398,406. Kí wá ni ìdáhùn tó mú bọ̀ látinú gbogbo làálàá yẹn? Ọ̀mì. Bí ẹni méjèèjì ò bá ṣi ọwọ́ ta, ọ̀mì ni.

Mo rántí 2002 dáadáa. Ìsẹ́yìn ni mo wà, lábẹ́ igi ọ̀dán tí gbogbo wa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Àríyànjiyàn wà níbẹ̀, èébú wà níbẹ̀, àwọn òǹwòran ń kọrin sí ẹni tó ń jìyà létí. Eré wa ti tán ní Amsterdam, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí wa. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí èmi tó gbọ́, mo sì lọ sọ fún àwọn tó kù lábẹ́ igi. Bàbá kan gbọ́ ọ, ó ronú sí i, ó bi mí pé, "Ẹ̀rọ náà, ṣé ó mọ̀ pé inú máa ń tètè bí mi?" Mo ní kò mọ̀. Ó ní, "Ó dáa," ó kó ọmọ ayò rẹ̀, ó ń ta á lọ.

Ẹ̀rọ Amsterdam yẹn ò ní ojú inú kankan, kò sì fi ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ti rí ìdáhùn ìdánwò, ríronú ò kàn án. Ẹni tí kò lè rí gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wá ojú inú, bí ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lọ́nà oko tó ń fi ẹsẹ̀ mọ ọ̀nà. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tiyín ti yàtọ̀. Bí a bá ní ká kọ iye ọ̀nà tí ọmọ baduk lè gbà tò lórí pátákó sílẹ̀, òdo bí àádọ́sàn-án ló máa tẹ̀lé e. Kò sí ẹ̀rọ tó lè ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ìyẹn kó parí rẹ̀. Nítorí náà, Demis Hassabis, David Silver àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní DeepMind, ilé iṣẹ́ tó ṣe AlphaGo, mú un gba ọ̀nà tí ọmọ àgbẹ̀ ń gbà mọ oko: wọ́n jẹ́ kó máa wò. Eré bí 160,000 tí àwọn èèyàn ti ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kó síwájú rẹ̀, kó máa méfò ibi tí èèyàn á ta sí. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń bá ara rẹ̀ ta, ó ń jẹ ara rẹ̀, ó ń kọ́gbọ́n níbẹ̀. Nígbà tó máa fi pàdé yín, bó bá wo pátákó, ibi díẹ̀ ló ń fà á lójú, kì í fi ìyókù dára rẹ̀ láàmú.

Kí ló wá yà á sọ́tọ̀ sí bàbá mi àgbà? Herbert Simon, ọ̀kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ onílàákàyè, kọ ọ́ ní 1992 pé ojú inú ò ju kí èèyàn dá ohun tó ti rí rí mọ̀. Bàbá mi àgbà ò kàwé, ṣùgbọ́n wọn ò ní bá a jiyàn. Ahunṣọ ni wọ́n, òfì ni wọ́n ń hun, wọ́n sì jẹ́ ọ̀ta tí wọ́n ń wá láti Ṣakí wá bá ta. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ni wọ́n máa ń jókòó. Odù á wà nínú ihò wọn, ọmọ á kún un dẹ́nu, wọn ò ní kà á, wọn ò sì ní ṣì í. Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi fi ihò yìí sílẹ̀ tí wọ́n ta tọ̀hún, wọn a ní, "Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n." Wọ́n ti ta á títí ni, ojú wọn ti kún.

Nítorí náà, èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀rọ lè ní ojú inú? Ó ti ní in. Kò pẹ́ sígbà náà, ní 2017, tí àbúrò rẹ̀, AlphaGo Zero, dé, ẹni tí wọn ò fi eré ọmọ èèyàn kan hàn rí. Òfin eré nìkan ni wọ́n fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá ara rẹ̀ ta, ó sì jẹ èyí tó jẹ yín 100-0. Ẹni tó bá ní àwòkọ lásán ni ẹ̀rọ ń ṣe, ta ni èyí wò?

Ohun tí mo ní bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí ẹ fi eré náà sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni yín. Ẹ sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé bí ẹ tiẹ̀ di ẹni àkọ́kọ́ láyé, nǹkan kan wà tí apá ò ní ká. Ní 2024 ẹ tún sọ pé ìgbà tí ẹ̀rọ jẹ yín, bí ẹni pé ayé yín wó lulẹ̀ ni, pé eré náà ò dùn mọ́ yín mọ́. Mo kà á, ó sì dùn mí. Ẹni tí wọ́n sọ di ọ̀jẹ̀ nídìí baduk láti ọmọ ọdún méjìlá, èmi wo ló máa sọ pé kó má sunkún? Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ fún ẹ̀rọ ju ohun tó gbà lọ́wọ́ yín lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Bàbá mi àgbà ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń ta ayò. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn ta, wọ́n sì ti bú ara wọn tó ogójì ọdún. Lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀, mo ń ka iye ẹ̀ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mẹta tí bàbá wa jẹ. Wọ́n ń nà án bí ẹni ń na bàrà. Ọ̀rẹ́ wọn kó ọmọ mẹ́fà, ó ń gbìn ín, ó ju méjì sínú ihò kan, ó fo èkejì, ó sì ń bá a lọ. Ọ̀nà là sílẹ̀ fún bàbá wa láti jẹ ihò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mi ti ń dùn. Wọn ò fọwọ́ kan ọpọ́n. Wọ́n wo ojú ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n ní, "Bàbá Sùlè, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lónìí." Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n lọ pe ọmọ rẹ̀ kó mú mọ́tò wá. Èmi ń jiyàn, mo ní ayò ò tíì tán. Àfi gbólóhùn "Ara mi ò gbà á" ni wọ́n sọ. Kó tó di pé wọ́n gbé e dé ọsibítù, apá ọ̀tún ti rọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ á ti di mìíràn. Ó lo ọdún mẹ́jọ sí i láyé. Ọwọ́ òsì ló wá ń fi ta ayò, kò sì ta á dáadáa.

Ẹ̀rọ Amsterdam á ti rí i pé ìta yẹn burú, á sì ti jẹ ihò mẹ́ta. Òótọ́ ayò ni. Mo sì mọ èsì tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa fún mi, nítorí ó ti fún mi: ó ní ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n lè gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀, kó máa wo ọwọ́ àti ojú èèyàn, kó sì sọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ń bọ̀, bóyá kí bàbá mi àgbà tiẹ̀ tó rí i. Mo gbà. Bí wọ́n bá ní kó máa wò ó, á rí i. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí bàbá mi àgbà máa wò ó? Ayò ni wọ́n jókòó ta. Ojú tí wọ́n fi ń wo ọpọ́n náà ni wọ́n fi rí ọ̀rẹ́ wọn, ohun tí ojú yẹn sì rí kì í ṣe ohun tó ń wá.

Ọ̀gá mi, ní ọdún tí wọ́n bí yín gan-an, 1983, ohun kan ṣẹlẹ̀ tó jọ èyí. Alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ni. Stanislav Petrov, ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun Soviet, wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú yàrá kan nítòsí Moscow tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú sánmà. Ẹ̀rọ tó ń gba ìròyìn sátẹ́láìtì pariwo pé Amẹ́ríkà ti yin mísáìlì kan sí wọn. Ó tún pariwo, ó di márùn-ún. Iṣẹ́ Petrov ni kó fi tó àwọn ọ̀gá rẹ̀ létí. Ó gbé tẹlifóònù, ó sì sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ló ń sọ ìsọkúsọ. Ìtànṣán oòrùn lórí ìkúùkù ni sátẹ́láìtì rí tó pè é ní iná ìjà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ara òun ni kò gbà á, àti pé ta ló ń fi márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀ irú ogun bẹ́ẹ̀? Ó tún ní kò dá òun lójú, pé bó ṣe lè jẹ́ òótọ́ ló ṣe lè jẹ́ irọ́. Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn náà nìyẹn. Ẹ̀rọ ló dá lójú. Ìbéèrè ẹ̀rọ ni pé ṣé iná wà níbẹ̀ àbí kò sí. Ìbéèrè Petrov ni pé irú èèyàn wo ló ń ṣe báyìí.

Kí ẹ má rò pé mo ń yin ara wa jù. Ojú inú ọmọ èèyàn, òpùrọ́ ńlá ni nígbà mìíràn. Bàbá mi àgbà yìí kan náà, nígbà tí ọkùnrin kan láti Òkèehò wá tọrọ àbúrò màmá mi, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ara àwọn ò gbà á. Ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n sọ nídìí ọpọ́n. Ọdún méjì ni wọ́n fi dá ìgbéyàwó náà dúró. Ọkùnrin yẹn ló wá ń sanwó ọsibítù wọn nígbà tí ogbó dé, òun ló ń gbé wọn wẹ̀. Wọ́n rí ọmọ mẹ́fà tí ọ̀rẹ́ wọn gbìn, wọn ò rí àna wọn. Àwọn ọmọ wa tó ń gbé kọ̀ǹpútà rìn, tí wọ́n dá irun sí, mélòó nínú wọn ni àwọn agbófinró ò tíì dá dúró lójú títì nítorí pé ara ẹnì kan "fura"? Àwọn onímọ̀ méjì nípa ìrònú ọmọ èèyàn, Daniel Kahneman, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé ojú inú, àti Gary Klein tó ń yìn ín, jọ kọ̀wé ní 2009, ibi tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan sí ni pé ibi tí nǹkan bá ń tẹ̀lé ìlànà, tí èèyàn sì ń tètè rí àbájáde ohun tó ṣe, ibẹ̀ ni ojú inú ti ń ṣeé gbọ́kàn lé. Ayò rí bẹ́ẹ̀. Baduk rí bẹ́ẹ̀. Wíwo ojú ọkọ ìyàwó kò rí bẹ́ẹ̀.

Nínú baduk tiyín pàápàá, ẹ mọ èyí jù mí lọ. Oríta 3-3 tó wà ní igun pátákó, níbi tí ìlà kẹta láti etí méjèèjì ti pàdé: àwọn olùkọ́ ti ń kọ́ ọmọdé láti ìgbà pípẹ́ pé kí wọ́n má tètè wọ ibẹ̀ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé kò bójú mu. Ọmọ tó bá dán an wò, wọ́n á bá a wí. Nígbà tó bá dàgbà, bó bá rí ibẹ̀, á ní ara òun kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ dé, kò ní olùkọ́, kò sẹ́ni tó bá a wí, ó ń wọ 3-3 láti ìbẹ̀rẹ̀ eré, ó sì ń jẹ. Lónìí àwọn ọ̀gá yín náà ti ń wọ ibẹ̀. Lára ohun tí ẹ̀yin àti èmi ń pè ní ojú inú, ìbáwí olùkọ́ tí a ti gbàgbé ni. Èyí ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn nǹkan tí ara mi máa ń kọ̀, mo ń béèrè pé ta ló nà mí nítorí rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní ihò tirẹ̀, èyí tí mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí, bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ. Ní 2023, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Kellin Pelrine, tí kì í ṣe ọ̀jẹ̀, tí ẹ̀yin lè fi ọwọ́ òsì jẹ, bá ẹ̀rọ baduk kan tó lágbára jù yín lọ ta eré mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó jẹ mẹ́rìnlá. Àwọn onímọ̀ kan ló fi ẹ̀rọ mìíràn wá ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún ẹ̀rọ náà, Pelrine sì kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ohun tó ń ṣe ò le: á ta sí igun mìíràn kó fi fa ojú ẹ̀rọ lọ síbẹ̀, á sì máa fi ọmọ tirẹ̀ rọra yí ọmọ ẹ̀rọ po, bí ẹni ń sọgbà, títí ọgbà fi pa dé. Ẹ̀rọ ò ní rí i. Ó kù díẹ̀ kí ọgbà pa dé, kò rí i. Ọmọ tó kọ́ baduk ní oṣù mẹ́ta á ti pariwo pé wọ́n ti yí ẹ po!

Òpè ò gbọdọ̀ fọhùn, àbí? Mo ti gbọ́ orin yẹn láti kékeré, mo sì gbà á, nítorí pé lábẹ́ igi ọ̀dán, ohun tí òpè rí, ọ̀ta ti rí i tẹ́lẹ̀. Ojú òpè àti ojú ọ̀ta, ojú kan náà ni, ọ̀kan kàn ríran jìnnà ju èkejì lọ ni. Mo ti rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ, pé ojú tiwa ni, ó kàn jìnnà sí i. Pelrine jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mìíràn ni. Ó rí ìta 37 tí gbogbo ayé ò rí, kò rí ọgbà tí wọ́n ń ṣe yí i ká ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ yan ẹni tí wọ́n máa yá lówó, ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́, ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú ní ọsibítù, tí wọ́n sì ń sọ fún àwọn ará wa pé òpè ò gbọdọ̀ fọhùn, àwọn ni mo ń bá wí nínú gbólóhùn yìí. Ẹ̀yin kọ́.

Mo fẹ́ padà sí eré kẹrin, torí òun ni mo máa ń wò jù. Ẹ ti jẹ́ gbèsè mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ẹ ní Lee Sedol ló fìdí rẹmi, pé kì í ṣe ọmọ aráyé. Ní ọjọ́ kejì, ẹ jókòó padà. Ìta 78, ẹ gbé ọmọ funfun kan sáàárín méjì dúdú. Gu Li, ọ̀gá baduk ọmọ Ṣáínà, pè é ní ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀rọ ò retí rẹ̀. Òun náà, nínú 10,000, bí ẹ̀ẹ̀kan ló fún un. Orí rẹ̀ dàrú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtakúta, ó sì jọ̀wọ́ níkẹyìn. Nígbà tí wọ́n bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ta síbẹ̀, ẹ ní ibẹ̀ nìkan ni ẹ rí. Mo fò sókè lórí àga. Ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n! Ọ̀rọ̀ bàbá mi àgbà ni.

Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà ní bí ẹ̀rọ bá dáhùn bó ṣe yẹ, ìta náà ò ní jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìyẹn bu omi sí mi lọ́kàn, ó ní kì í ṣe ọwọ́ Ọlọ́run, jàǹbá ni. Mo ní kó jókòó. Ìta tó dáa lójú ọpọ́n wà, ìta tó dáa lójú ẹni tó jókòó ní ọ̀kánkán wà. Ìdajì ìta tí bàbá mi àgbà fi ń jẹ àwọn ará Ṣakí, bí ẹ bá gbé e lọ sí Amsterdam, wọ́n á ní kò dáa. Ṣùgbọ́n Amsterdam kọ́ ló wà lórí àpótí kejì. Ẹ̀yin, ẹ ti bá ohun tí kò ní ojú, tí kì í rẹ̀, tí kì í mu sìgá ta eré mẹ́ta, ẹ ò rí nǹkan kan fi wò ó, síbẹ̀ nínú ẹ̀kẹrin ẹ rí ibi tó ń fọ́. Ìgbà wo ni ẹ kọ́ ìyẹn? Kò sí irú rẹ̀ rí láyé yín tí ẹ máa fi dá a mọ̀. Bí Simon bá wà láyé, òun ni mi ò bá kọ lẹ́tà yìí sí.

Ìbéèrè tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyẹn, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tí mo lè bi: kí ẹ tó gbé ọmọ funfun yẹn, ṣé ojú yín ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, àbí ọwọ́ yín? Bàbá mi àgbà kú kí n tó gbọ́n débi tí mo lè bi wọ́n.

Bí ẹ bá ráyè, ẹ wá sí Ìsẹ́yìn. Mi ò ní kí ẹ padà sídìí baduk, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò. Ayò la máa ta, eré tó ti kú láti 2002. Ẹ ò ní bá dúdú tàbí funfun níbẹ̀. Ọmọ ayò kan náà ni gbogbo wọn, iwájú ẹni tó bá wà ló ni ín, ó sì lè jẹ́ ti ẹlòmíràn kí ẹ tó ṣẹ́jú. Wọ́n á bú yín, ẹ fara dà á, ọ̀yàyà wọn ni. Àpótí Bàbá Sùlè ṣì wà níbẹ̀. Èmi á ti kó ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin sínú ihò kí ẹ tó dé, ẹ̀yin ni ẹ ó sì kọ́kọ́ ta.

Èmi ni tiyín,
Òpè kan láti Ìsẹ́yìn